Tírákà tí Ìjọba Ní Ká Fi Sínú Mọ́tò: Ta Ló Máa San Owó Ẹ̀?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo kí ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tírélà àmọ́ tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n wà (ẹ̀rín), ẹ̀yin mẹkáníìkì àti rewáyà tí mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbé mọ́tò sílẹ̀ wá síbí lónìí, owó ló gbé sílẹ̀ yẹn, torí náà mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí tírákà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà, tí àwọn ìjọba kan káàkiri ayé ti sọ di dandan pé kó wà nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́nì kan má bàa máa rò pé èmi ni agbẹjọ́rò àwọn olè. Mi ò sọ pé tírákà ò dáa. Ẹni tí wọ́n bá ti jí mọ́tò ẹ̀ gbé rí, tí tírákà bá a rí i, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rọ yẹn ò wúlò. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹni tó pàṣẹ kọ́ ló ń sanwó, ẹni tó ń sanwó kọ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní ẹ̀, àti pé iye tí wọ́n ń pè fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, òun gan-an ló kéré jù nínú owó tá a máa san.

Ṣé ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn? Òun ló kéré jù o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tá à ń sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń wò wọ́n látòkè. Irọ́ ni. Sátẹ́láìtì GPS wà lókè réré níbẹ̀, ó lé ní 20,000 kìlómítà sí ilẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ wà láyé. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa kígbe ṣáá pé èmi rèé, ibi tí mo wà nìyí, aago báyìí ló lù. Ẹ̀rọ tó wà nínú mọ́tò yín ló ń fetí sí sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, òun ló ń ṣírò ẹ̀ tó fi mọ ibi tó wà. Tó bá dúró síbẹ̀, kò sí wàhálà, òun nìkan ló mọ̀. Àmọ́ kò ní dúró síbẹ̀. Síìmù wà nínú ẹ̀, bíi síìmù fóònù yín gẹ́lẹ́, òun ló máa fi kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan níbì kan.

Ẹ mú síìmù yẹn dání, torí ibẹ̀ lowó ń gbà jáde. Ẹ sì mú "ẹnì kan níbì kan" yẹn dání náà, torí ibẹ̀ ni àṣírí ń gbà jáde. Méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá wá.

Ọ̀rọ̀ owó

Tí òfin bá jáde pé kí gbogbo mọ́tò ní tírákà, iye ẹ̀rọ ni ìwé ìròyìn máa gbé. Wọ́n á ní kò wọ́n. Ó lè má wọ́n lóòótọ́. Àwọn ìjọba míì tiẹ̀ máa ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo Jámánì. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sátẹ́láìtì gba owó ojú ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ọdún 2003 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ni wọ́n bá sún un síwájú. Ẹ̀rọ yẹn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń gbowó ló ni ín. Àmọ́ ta ló ń sanwó fún ẹni tó máa fi í sínú ọkọ̀? Olówó ọkọ̀ ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ sì fi dúró sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ru ẹrù kankan, ta ló ń san ìyẹn? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Ẹ tún wo Ṣáínà, ní agbègbè Bayingolin ní ìpínlẹ̀ Xinjiang, oṣù Kejì ọdún 2017. Wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò lọ gba tírákà tó ń lo sátẹ́láìtì Beidou, ìyẹn GPS tí Ṣáínà ṣe fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ jẹ́ yuan 90 lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe ńkọ́? Wọ́n ní ilé epo ò gbọdọ̀ ta epo fún un. Ẹ ò rí i pé ọ̀fẹ́ yẹn lẹ́nu! Ọ̀fẹ́ tí kò bá sí lára mọ́tò ẹ, mọ́tò ẹ ò ní jẹ epo.

Ibi tó ti ń dunni nìyẹn. Owó ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan ni. Owó síìmù, títí ayé mọ́tò ni. Mọ́tò ṣiṣẹ́ o, mọ́tò ò ṣiṣẹ́ o, ẹ̀ńjìnnì ti kú tó ń retí owó àtúnṣe o, síìmù ò mọ̀ ìyẹn, ọdún pé, ẹ san. Láwọn ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ìwé mọ́tò, ẹni tí kò bá san owó síìmù ò ní rí ìwé mọ́tò ẹ̀ tún ṣe. Ẹ wá wò ó, mọ́tò dá ṣáṣá, táyà dáa, bíréékì dáa, iná ń tàn, àmọ́ kò lè jáde torí pé dátà ti tán nínú ẹ̀rọ tí dírẹ́bà ò béèrè fún.

Mo mọ dírẹ́bà kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì tó ṣe é fún un. Ó ti sanwó, rìsíìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò rí mọ́tò ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àwọn. Ó lọ bá àwọn tó tà á fún un, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò ní nǹkan kan, kó lọ bá àwọn elétò síìmù. Àwọn yẹn ní síìmù ń ṣiṣẹ́, kó padà lọ bá àwọn tó tà á. Báyìí ló ń yí po bí òkòtó. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ rewáyà tiẹ̀, tí wọ́n tú dáṣíbọọ̀dù, wáyà ló já! Ẹni tó fi ẹ̀rọ yẹn sí i ti ṣí wáyà tó ń bọ̀ láti ibi kọ́kọ́rọ́ lára, ó lọ́ tiẹ̀ mọ́ ọn lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, ó fi téèpù dúdú wé e, ó kúrò níbẹ̀. Oòrùn mú téèpù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ yọ́, mọ́tò ń mì, wáyà ń tú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi òjé jó o pọ̀, ó tán. Ọ̀rọ̀ wáyà kan ṣoṣo. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń rìn kiri yẹn, mọ́tò ò ṣiṣẹ́, owó ọ̀gá ò sì dúró. Ẹ̀yin rewáyà, mo rí i tẹ́ ẹ̀ ń mi orí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Bátìrì náà ńkọ́? Tírákà kì í sùn. Tẹ́ ẹ bá paná mọ́tò tán, òun ṣì ń mu iná díẹ̀díẹ̀ lára bátìrì. Ẹni tó ń lo mọ́tò lójoojúmọ́ ò ní mọ̀. Àmọ́ ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá tí bátìrì ọ̀hún bá ti gbó díẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa dún tík-tík-tík. Ta ló máa ra bátìrì tuntun? Ṣé ẹni tó ṣòfin ni?

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí kò sì ní dùn mọ́ àwọn ọ̀gá onímọ́tò tó wà níbí nínú. Òfin máa ń sọ pé onímọ́tò ló máa rà á. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń rà á? (Ariwo.) Ẹ ṣé, àwọn dírẹ́bà ti bá yín dáhùn. Ẹ á gbé e lé owó tí dírẹ́bà ń jíṣẹ́ lójoojúmọ́, òun náà á gbé e lé èrò, tí èrò bá kọ̀, á yọ ọ́ nínú oúnjẹ ọmọ ẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin bá ń ka iye tí òfin yẹn máa ná àwọn èèyàn, oúnjẹ ọmọ dírẹ́bà kì í sí nínú ìṣirò wọn.

Ẹ̀rọ tó kú kó tó gbó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ báyìí, Amẹ́ríkà ni mo ti máa fa àpẹẹrẹ ẹ̀ yọ, torí àwọn ló ṣe é lọ́nà tó ṣe kedere jù. Lọ́dún 2012 àwọn aṣòfin wọn sọ pé kí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá máa ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ELD, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ọ̀rọ̀ olè kọ́ o, ọ̀rọ̀ oorun ni. Òfin wọn ni pé dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù ò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó lọ sinmi, àmọ́ inú ìwé ni dírẹ́bà ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, bíírò sì ń kọ ohun tí olówó ẹ̀ bá ní kó kọ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀ńjìnnì, kó máa kọ ọ́ fúnra ẹ̀.

Èrò tó dáa ni, mi ò purọ́. Ẹni tí oorun ń kùn tó wà lórí tírélà, ikú ló ń wà yẹn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé àwọn tó ń wakọ̀ ju wákàtí lọ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n jàǹbá ò dín kù, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké gan-an wá ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló fà á? Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún níye máìlì tó bá rìn, tí aago ń kà á lórí, tí gosíló sì ti jẹ wákàtí méjì nínú àsìkò ẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á tẹ iná! Ẹ̀rọ ń ka aago, kò ka ebi.

Wọ́n yọ ọkọ̀ tí ẹ̀ńjìnnì ẹ̀ ṣáájú ọdún 2000 sílẹ̀, ni àwọn kan bá di ọkọ̀ àtijọ́ wọn mú ṣinṣin, òmíì lọ wá èyí tó gbó rà. Òfin tí wọ́n ní ó wà fún ààbò wá ń mú kí èèyàn fẹ́ràn ọkọ̀ ògbólógbòó.

Àbọ̀ ẹ̀ tó jẹ́ ti owó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù. Àwọn tó ń ṣe ELD yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń jẹ́rìí sí ọjà ara wọn, wọ́n á sọ fún ìjọba pé ẹ̀rọ àwọn pé, ìjọba á kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn tó kúnjú ìwọ̀n. Dírẹ́bà á wo ìwé ìjọba, á rà á. Ó ṣe díẹ̀, ìjọba á ní àwọn ti yọ èyí tẹ́ ẹ rà yẹn kúrò, ẹ ní ọjọ́ 60 láti fi pààrọ̀ ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra. Ṣé dírẹ́bà ló ṣẹ̀? Rárá. Ta ló máa sanwó òmíràn? Dírẹ́bà. Wọ́n máa ń sọ pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, tibí yìí, ìka tó gbọ́ràn ni wọ́n gé.

Síìmù yẹn náà tún dé. Lóṣù Kejì ọdún 2022, iléeṣẹ́ fóònù kan ní Amẹ́ríkà, AT&T pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G wọn. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá jẹ́ 3G nìkan ló mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀, ó di òkúta lọ́jọ́ yẹn, kò bàjẹ́ o, kò gbó o, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ti lọ. Yúróòpù náà wà nínú ẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2018 ni òfin wọn ti ní kí irú mọ́tò tuntun tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ fún máa ní eCall, tó máa ń pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, fúnra ẹ̀ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Lórí 2G àti 3G ni wọ́n gbé e lé. Ní báyìí, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń pa 2G àti 3G káàkiri ibẹ̀, àwọn aṣòfin ti wá ní kí mọ́tò tuntun máa lo 4G àti 5G. Èyí tó ti wà lójú títì ńkọ́? Mọ́tò máa ń pẹ́ láyé ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin lórí méjèèjì yẹ kó mọ ìyẹn kó tó jókòó.

Ta ló ń wò wá?

Àmọ́ kí n ṣẹ̀tọ́ fún eCall yẹn, torí òun ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ bó ṣe lè dáa. Ó wà nínú mọ́tò, àmọ́ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ó dákẹ́. Àfi tí àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani là nínú jàǹbá bá tú jáde, tàbí tẹ́nì kan bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìpè, á sọ ibi tí mọ́tò wà, ibi tó kọjú sí àti irú mọ́tò tó jẹ́. Òfin wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ máa tọ èèyàn lẹ́yìn. Kò sì sí owó oṣooṣù lórí ẹ̀. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ̀rọ ààbò máa wò yín láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, ẹ ní kó lọ wo Yúróòpù.

Ẹ wo ti Bràsíìlì náà. Lọ́dún 2007 àjọ tó ń rí sí ìrìnnà níbẹ̀ ní kí gbogbo mọ́tò tuntun máa ní tírákà láti ilé tí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí àwọn olè. Tó bá wu olówó mọ́tò kó tàn án, kó tàn án, àmọ́ ó di dandan kó rà á pẹ̀lú mọ́tò. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ló gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ìgbésí ayé èèyàn ni wọ́n fẹ́ máa yọjú sí. Wọ́n sún ọjọ́ ẹ̀, wọ́n tún sún un, wọ́n sún un títí wọ́n fi pa á tì. Ẹ gbọ́ o, wọ́n pa á tì, olè mọ́tò ò tíì tán níbẹ̀, ìlú ò sì tú.

Kí ló dé tí mo fi ń dààmú ara mi lórí ẹni tó ń wò wá, nígbà tí mi ò jí mọ́tò? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Antoine Jones, ẹjọ́ ẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọlọ́pàá fura sí i pé ó ń ta oògùn olóró. Wọ́n gba ìwé àṣẹ pé káwọn fi tírákà sábẹ́ mọ́tò ìyàwó ẹ̀ láàárín ọjọ́ 10, ní Washington. Wọ́n wá lọ fi í sí i lọ́jọ́ kọkànlá, ní Maryland. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn níbi gbogbo. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2012, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé ohun tí ọlọ́pàá ṣe yẹn, lójú òfin, yíyẹ ara àti ẹrù èèyàn wò ló jẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé wọ́n kàn wo ẹni tó ń kọjá lójú títì. Ẹ jẹ́ ká wá rò ó papọ̀. Ẹni tí wọ́n fura sí, òfin ní kí ọlọ́pàá lọ gba ìwé kó tó so ẹ̀rọ mọ́ mọ́tò ẹ̀. Àwa tẹ́nikẹ́ni ò fura sí, àwa la ń fi owó ara wa ra ẹ̀rọ, tá à ń so ó mọ́ mọ́tò ara wa, tá à ń ra dátà sí i kó má bàa dákẹ́!

Díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n á ní torí olè ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n kúkú máa fi mú ẹni tó ń sáré. Èyí tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n fi máa gba owó ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ íńṣọ́ránsì á ní àwọn náà fẹ́ wò ó. Ẹ má rò pé àlá ni mò ń lá, lóṣù Kìíní ọdún 2025 àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, pé wọ́n ń gba àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn ń lọ àti bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, wọ́n sì ń tà á láìjẹ́ pé àwọn onímọ́tò fọwọ́ sí i bó ṣe yẹ, ó sì dé ibi tí àwọn oníńṣọ́ránsì ń lò ó. Ìjọba kọ́ ló ní kí wọ́n fi èyí sí i, mo mọ̀. Àmọ́ nǹkan tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan, tó ṣeé tà, ẹ ò ní pẹ́ rí ẹni tó máa rà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò. Ẹ̀ ń rò pé ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá, tó máa ń di GPS létí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Dírẹ́bà kan ṣe é nítòsí pápákọ̀ òfúrufú Newark ní Amẹ́ríkà torí kò fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ mọ ibi tóun wà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò mọ ààlà, ó ń da ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ òfúrufú láàmú. Ọdún 2013, wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 31,875 lé e lórí. Ẹ̀rọ tí kò tó nǹkan!

Ohun tó yẹ ká béèrè

Tí wọ́n bá gbé òfin yìí dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má kàn pariwo pé ẹ ò fẹ́. Ẹni tó bá pariwo lásán, wọ́n á ní olè ni. Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ: èló ni ẹ̀rọ, èló ni síìmù lọ́dún kan, ta ló máa san án tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yí padà, ta ló máa san án tí ìjọba bá yọ irú èyí tá a rà kúrò nínú ìwé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu. Kí ọjà ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe é dáadáa, torí tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kan tàbí méjì ni wọ́n ní ká lọ rà á lọ́wọ́ ẹ̀, a ti mọ bí iye ẹ̀ ṣe máa rí lọ́dún kejì.

Kí ibi tó máa gba ìpè ti wà kí wọ́n tó ní ká ra agogo. Íńdíà ní kí ọkọ̀ èrò tuntun máa ní tírákà àti bọ́tìnnì pàjáwìrì láti oṣù Kìíní ọdún 2019, èrò tó dáa gan-an ni, wọ́n ń dáàbò bo àwọn obìnrin. Àmọ́ láwọn ibì kan, bọ́tìnnì ti wà nínú ọkọ̀ kí ọ́fíìsì tó yẹ kó máa gbọ́ ọ tó múra tán. Dírẹ́bà ti sanwó, bọ́tìnnì wà, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbé e.

Ẹ tún béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìn wa kí wọ́n tó pa á rẹ́, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ìwé ilé ẹjọ́ wá kó tó rí i. Ẹ má gbà kí wọ́n dá yín lóhùn pé ẹ fọkàn balẹ̀. Ìbéèrè ọjọ́ lẹ bi wọ́n, nọ́ńbà ni kí wọ́n fi dáhùn.

Èyí tó kàn wá, ẹgbẹ́, ni pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ jókòó kọ òfin yìí, kí dírẹ́bà wà níbẹ̀, kí rewáyà wà níbẹ̀, ẹni tó ti tú dáṣíbọọ̀dù rí, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń jókòó sẹ́yìn mọ́tò nìkan. Mo ti bá alága sọ̀rọ̀, wọ́n ní kẹ́ ẹ yan èèyàn mẹ́ta lónìí kẹ́ ẹ tó túká. Bàbá, mo ti rí ọwọ́ yín látẹ̀ẹ̀kan, ẹ dákun ẹ gbé máìkì fún wọn, ká gbọ́ ìbéèrè.